Sáàmù Kan fún Ọ̀sẹ̀ Kan: Bí a ṣe ń ṣe àṣàrò lé e, tí a sì ń kọ ọ́ nínú ìsìn

Nínú ọ̀pọ̀ ìsìn, sáàmù ni wọ́n máa ń sáré kà jù. Olùdarí á ní ká ṣí Sáàmù 130, òun á ka ẹsẹ kan, ìjọ á ka ìkejì, wọ́n á ṣe é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi parí. Kí àwọn èèyàn tó jókòó tán, ohun tí wọ́n kà ti fò lọ lórí wọn. Ẹ̀bi ìjọ kọ́. Àdúrà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nígbà tó dìde dúró kò lè di tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ Ajé ni kíkọ sáàmù ọjọ́ Ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn tó dùn, dùùrù, ẹgbẹ́ akọrin tó mọṣẹ́, gbogbo wọn ló dára, àmọ́ wọn ò lè ṣe iṣẹ́ tí àṣàrò ọjọ́ mẹ́fà ń ṣe. Nítorí náà, bí ìtọ́sọ́nà yìí ṣe wà fún ẹni tó ń darí orin ló ṣe wà fún ẹni tó kàn jókòó láàárín ìjọ pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Sáàmù 130 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, torí pé ẹsẹ mẹ́jọ péré ni, ó sì tó fi kọ́ṣẹ́.

1. Ẹ yan sáàmù, ẹ má sì yan èyí tó dùn nìkan

Bí ìjọ yín bá ní ètò Bíbélì kíkà, sáàmù ti wà níbẹ̀ fún yín. Ètò ìkàwé tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì jọ ń lò, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1992, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló fi ń yí po, ó sì máa ń fi sáàmù kan ti ẹ̀kọ́ kìíní lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Máàsì àwọn Kátólíìkì: sáàmù ni ìjọ fi ń dá ẹ̀kọ́ kìíní lóhùn. Ẹ rí i pé ẹ ka ẹ̀kọ́ kìíní náà kí ẹ tó ka sáàmù, ìgbà náà lẹ máa mọ ìdí tí wọ́n fi mú un.

Bí kò bá sí ètò kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sáàmù 1, kí ẹ máa bọ̀. Gbogbo sáàmù tó wà jẹ́ 150. Ọ̀kan lọ́sẹ̀ á gbà yín tó ọdún mẹ́ta. Sáàmù 119 nìkan ló máa dí yín lọ́wọ́. Ẹsẹ 176 ni, ìpín 22, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ mú ìpín kan tàbí méjì nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọjá lọ. Òfin tí Benedict kọ fún àwọn mọ́ńkì ní ọ̀rúndún kẹfà ní kí wọ́n máa ka gbogbo 150 tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà sì pín wọn sí ọgbọ̀n ọjọ́, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn dára fún ẹni tó ní àyè. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá wọn sáré.

Ibì kan ni mi ò ti ní gbà. Irú sáàmù tó pọ̀ jù nínú ìwé náà ni ti ẹkún àti ìráhùn. Ìjọ tó bá jẹ́ pé Sáàmù 23, 100 àti 150 nìkan ló ń kọ yípo ọdún ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Jésù fúnra rẹ̀ lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ Sáàmù 22 ló fi ké sókè, ti Sáàmù 31 ló sì fi fi ẹ̀mí rẹ̀ lé Baba lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yan sáàmù mẹ́rin fún oṣù kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ ti ẹni tó wà nínú wàhálà.

Ẹ tún yẹ nọ́ńbà wò kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Bíbélì tó tẹ̀lé ètò Gíríìkì àti Látìn pa Sáàmù 9 àti 10 pọ̀, nítorí náà nọ́ńbà ọ̀pọ̀ sáàmù níbẹ̀ fi ẹyọ kan dín sí tiwa. Sáàmù 130 wa ni wọ́n ń pè ní 129. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá mú ìwé orin wá láti ibi tó yàtọ̀ síra, apá kan lè kọ́ sáàmù tí ìjọ ò ní kọ.

2. Ẹ kà á sókè, ẹ wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀

Kíkà pẹ̀lú ojú nìkan kò tó. Ẹ kà á kí etí yín gbọ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má tíì ṣí ìwé àlàyé kankan. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ fi bá a rìn: ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Níbo ni ọ̀rọ̀ ti yí padà?

Ẹ wo Sáàmù 130. Ní ẹsẹ 1 àti 2, Ọlọ́run ni ó kọjú sí: "Láti inú ibú wá ni èmi ké pè ọ́, Olúwa." Ní ẹsẹ 3 àti 4, Ọlọ́run náà ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ibú, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Bí Olúwa bá ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ta ni ìbá dúró? Ìdáhùn ti wà níbẹ̀: ìdáríjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ẹsẹ 5 àti 6, kò kọjú sí Ọlọ́run mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń dúró, ju àwọn tí ń ṣọ́nà òwúrọ̀ lọ. Ó sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá ẹni tó ń ṣọ́nà lójú pé ilẹ̀ á mọ́. Kò kàn lè mú kí ó tètè mọ́ ni. Nígbà tó di ẹsẹ 7, ó yíjú sí Ísírẹ́lì, ó ní kí àwọn náà ní ìrètí.

Ohun tó yẹ kí ẹ fura sí rèé: kò síbi tí sáàmù náà ti sọ pé ó ti jáde nínú ibú. Láti ibẹ̀ ló ti ń gba àwọn yòókù níyànjú. Ẹni tó bá ti rí èyí kò ní kọ sáàmù náà bí orin ìṣẹ́gun, kò sì ní kọ ọ́ bí orin òkú.

Ẹ máa wo bí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ṣe pín sí méjì pẹ̀lú. Apá kejì sábà máa ń tún ti àkọ́kọ́ sọ lọ́nà mìíràn, tàbí kó tì í síwájú díẹ̀. Ẹ bi í pé: kí lo fi kún un? Nígbà míì, ohun tó fi kún un ni gbogbo ẹsẹ náà dá lé.

Àkọlé kékeré tó wà lókè sáàmù náà wúlò, ẹ má fò ó. Èyí tó wà lórí 130 ni "Orin ìgòkè", ọ̀kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti 120 dé 134, tí a mọ̀ mọ́ àwọn tó ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ̀dún. Orin ẹni tó wà lójú ọ̀nà ni. Ní ti "Sela", èyí tó fara hàn ní ìgbà 71 nínú ìwé Sáàmù, àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gbà pé àmì orin ni. Ẹ má kà á sókè. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, kí ẹ mí, kí ẹ tẹ̀ síwájú.

3. Láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta

Sáàmù 1 ní ẹni ìbùkún ń ṣe àṣàrò ní ọ̀sán àti ní òru. Kì í ṣe pé kó jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kì í wà lórí koríko nígbà tó ń ṣe é. Ohun tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé padà wá sẹ́nu. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù ọjọ́ máa gbé e padà.

Lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, kíkà bí mo ṣe sọ lókè yìí ti tó. Lọ́jọ́rú, ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo tó kọ́ yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ há a sórí. Ẹ má wá èyí tó lẹ́wà jù. Ẹ mú èyí tí kò jẹ́ kí ẹ kọjá. Fún ẹlòmíì, ó lè jẹ́ "ta ni ìbá dúró?" Fún ẹlòmíì, ó lè jẹ́ "ọkàn mi dúró." Ẹ máa sọ ọ́ lójú ọ̀nà, lẹ́nu iṣẹ́, kí oorun tó gbé yín lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ọjọ́ yẹn, ẹ gbàdúrà sáàmù náà fún ẹlòmíì. Ó lè jẹ́ pé kò sí ibú kankan tí ẹ wà lọ́sẹ̀ yìí, ara yín dá, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ wá ẹni tó wà nínú ibú rántí, kí ẹ sì fi ẹnu yín bá a ké. Èyí ló ń yanjú ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè, pé báwo ni àwọn ṣe fẹ́ kọ orin ẹkún nígbà tí inú àwọn ń dùn. Ìjọ kì í kọ sáàmù torí bí nǹkan ṣe rí lára ẹnì kan. Ẹnì kan ṣáà wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ lónìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu Jésù. Kristi tó sọ̀kalẹ̀ sínú ibú ikú, tó dúró de Baba títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, báwo ni ẹsẹ 5 àti 6 ṣe máa rí lẹ́nu rẹ̀? Ẹ má fi ipá mú gbogbo ẹsẹ. Ẹsẹ 3, tó ń sọ nípa ẹ̀ṣẹ̀, àwa ló máa sọ ìyẹn. Òun ló sì dáhùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ẹ kàn kọ ọ́ lórin nílé. Bí ohùn yín ò bá dáa, ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.

4. Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà kọ ọ́?

Fún ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ègbè ni mo máa ní kí wọ́n lò. Ẹnì kan á máa lé ẹsẹ, ìjọ á máa gbe gbólóhùn kan. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ọmọdé, àlejò, gbogbo wọn ló lè bá a lọ. Àwọn sáàmù kan ti gbé ègbè tiwọn wá: Sáàmù 136 ní ẹsẹ 26, gbogbo wọn ló sì parí sí "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé." Sáàmù 46 ní tirẹ̀ ní ẹsẹ 7 àti 11. Sáàmù 42 àti 43 jọ ń lo ègbè kan náà, "Èéṣe tí orí rẹ fi tẹ̀ ba, ìwọ ọkàn mi?" Bí sáàmù náà kò bá ní, ẹ mú gbólóhùn kúkúrú nínú rẹ̀. Fún 130, "Ọkàn mi dúró de Olúwa" ti tó. Ègbè tó bá gùn ju èyí tí èèyàn lè kọ láìmí lẹ́ẹ̀mejì lọ ti gùn jù.

Pínpín ìjọ sí méjì, ọ̀tún àti òsì, dára fún sáàmù tó ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Sáàmù 24 ń béèrè fún un: apá kan á ní "Ta ni Ọba ògo yìí?", apá kejì á dáhùn. Lẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì kò gbọ́dọ̀ fi àkókò ṣòfò kí ó tó gbà á. Àárín ẹsẹ gan-an, níbi tó ti pín sí méjì, ni ìdákẹ́ wà: mímí kan, kí gbogbo èèyàn jọ mí in. Bí ìjọ bá mọ èyí nìkan, sáréṣaré tó ń ba sáàmù jẹ́ á lọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí a sọ sáàmù di orin onílà, kí a fi ohùn tí ìjọ ti mọ̀ kọ ọ́. Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ní Jámánì, sọ Sáàmù 130 yìí kan náà di orin onílà. Ó ti wà nínú ìwé orin ní 1524. Ní Geneva, wọ́n parí gbogbo 150 lọ́nà yìí ní 1562. Ó rọrùn fún ìjọ láti kọ, àmọ́ ẹ fi Bíbélì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé kí ọ̀rọ̀ tó wọ inú ìlà orin, ó ti lè fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn.

5. Ohùn àti ọ̀rọ̀: ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Ọ̀nà kẹrin ni kí a fi ohùn kan tó dúró gbé ọ̀rọ̀ Bíbélì bó ṣe wà, kí ohùn náà kàn yí díẹ̀ ní ìparí. Bí a ó bá ṣe é ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ ti ní orin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì kọ orin tó lòdì sí i, ọ̀rọ̀ á yí mọ́ ọn lẹ́nu. "Ibú" jẹ́ re-mí. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní sílébù àkọ́kọ́ tó sì gòkè, ìjọ á gbọ́ "ìbú", èyí tí a fi ń wọn nǹkan, onísáàmù á sì wá máa ké láti inú ìwọ̀n.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ ìlà kan sílẹ̀, kí ẹ fi àmì sí ibi tí mímí bọ́ sí:

Láti inú ibú wá | ni èmi ké pè ọ́, Olúwa.

Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ àmì ohùn sórí rẹ̀. Apá àkọ́kọ́: mí-re, re-mí, re-mí, mí. Apá kejì: re, dò-re, mí, dò, mí, lẹ́yìn náà re-mí-re. Ẹ wá mú ohùn àárín kan tó rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn, kí re máa wà lórí rẹ̀. Mí á gòkè díẹ̀, dò á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Kò sí fífò. Ẹ ti ní orin sáàmù báyìí, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ tún wò ó dáadáa: láti "ké" sí "pè" ni ohùn ti já láti mí sí dò, níbi tí igbe náà wà gan-an. Ẹ jẹ́ kó já. Kí olórin má fi ohùn dídùn bò ó. "Olúwa" ní ìparí gòkè lẹ́ẹ̀kan ó sì padà sí àárín, nítorí náà ẹ lè fà á gùn, kí ẹ fi parí ìlà náà láìfi ohunkóhun kún un.

Bí èyí bá ṣòro fún ẹsẹ gígùn, ẹ kọ ọ́ lórí ohùn kan ṣoṣo, kí ẹ fi àyípadà sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan. Ohùn tó dúró sójú kan kò ta ko ọ̀rọ̀ kankan. Etí á fi ìyókù gbólóhùn mọ ohun tí à ń sọ. Èyí tó burú ni kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ohùn tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, tí ìjà bá sì wà láàárín ohùn àti ọ̀rọ̀, ohùn ni kí ẹ tún ṣe.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò. Ẹ pe ẹni tí kò wá síbi ìdánrawò, kó gbọ́ ọ láìwo ìwé, kó sì sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ibi tó bá ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí.

6. Lọ́jọ́ Ìsinmi

Gbólóhùn kan ti tó fún olùdarí láti fi ṣílẹ̀kùn. Fún Sáàmù 130: "Ẹni tó kọ sáàmù yìí kò tíì jáde nínú ibú nígbà tó parí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá a dúró." Kó má sọ ọ́ di ìwàásù. Kí ìdákẹ́ díẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí orin bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pín ohùn bí sáàmù náà ṣe pín ara rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni kó kọ ẹsẹ 1 àti 2, láìsí ohun èlò. Kí àwọn akọrin gba 3 àti 4. Kí ohùn kan ṣoṣo náà padà wá fún 5 àti 6, kí ìjọ gbe "Ọkàn mi dúró de Olúwa" lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìjọ ló ni 7 àti 8, torí gbogbo wọn ni ó ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nínú àṣà Áńgílíkà, wọ́n máa ń fi "Ògo ni fún Baba" parí rẹ̀. Nínú Máàsì, sáàmù tó ń dá ẹ̀kọ́ lóhùn kì í ní in. Ẹ tẹ̀lé ti ìjọ yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ tó kàn má sáré dìde.

7. Àwọn sáàmù tó nira

Sáàmù 88 parí sí "òkùnkùn", kò sì sí ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orin ijó tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ìjọ dákẹ́. Ẹni tó nílò rẹ̀ á mọ̀ pé a kò lé òun.

Ti ègún tún wà: Sáàmù 58, 83, 109, àti ìparí 137. Nígbà tí àwọn Kátólíìkì tún ètò àdúrà ojoojúmọ́ wọn ṣe ní 1971, wọ́n yọ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn kúrò pátápátá. Ó yé mi, síbẹ̀ mi ò ní yọ wọ́n nínú àṣàrò. Ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ kúrò nílé rẹ̀ mọ ohun tí 137 ń sọ. Àmọ́ nínú ìsìn, ẹ má kà wọ́n láìsọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń kó ẹ̀san kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń bínú, wọ́n ń fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí Sáàmù 109 tó di èyí tí ìjọ jọ ń kọ, ó yẹ kí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Sáàmù 130.

8. Bí kò bá já geere

Nígbà àkọ́kọ́, kò ní já geere. Ègbè á pẹ́ jù, ẹ̀gbẹ́ kan á ṣíwájú èkejì, ẹnì kan á kọ ẹsẹ 4 lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má paárọ̀ sáàmù náà nítorí ìyẹn. Ẹ tún un kọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ègbè kan náà. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́, nọ́ńbà sáàmù, ègbè àti ohùn tí ẹ lò sí, àti ibi tí ìjọ ti kọsẹ̀. Bí ètò ọlọ́dún mẹ́ta bá yí po tí Sáàmù 130 bá tún dé, ìwé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ ṣí.